Ìka ò dọ́gba, ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ̀n ọ́n?

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ṣí ìwé yìí lọ síbi tí ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré wà. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà ló dà nígbẹ̀yìn, èmi gan-an ló sì bá wí jù.

Ìwó ni mo ti ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń lọ sí Ìbàdàn. Ṣé ẹ mọ̀ pé Micra ni mò ń wà, Micra tiwa náà tí wọ́n fi ń ṣe takisí káàkiri Ìbàdàn. Nígbà tí mo máa fi dé Lálúpọn, ẹ́ńjìnnì ti gbóná kọjá ààlà, èéfín ń jáde níwájú bí ẹni ń sun iṣu. Mo rọra yà kúrò lójú títì, mo béèrè mẹkáníìkì, wọ́n sì júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ Lálúpọn, ìlú àwọn àgbẹ̀ ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Ojú irin rélùwéè gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́dún 1901 ni rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn, nígbà tó sì di 1907, ó ti dé Òṣogbo. Àárín ìrìn yẹn ló ti kan Lálúpọn. Ìyẹn ni pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń wo ohun tó ń sáré kọjá lọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọ̀gá wà lábẹ́ mọ́tò, ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan là ń rí. Àwọn ọmọọṣẹ́ mẹ́rin kó orí jọ sórí fóònù kan. Àfi bí ọ̀kan nínú wọn ṣe fò sókè, tó figbe ta:

"Ojóro! Ojóro gbáà nìyí! Dádì, ẹ wá bá wa dá a, ẹ wá wo ìyànjẹ!"

Èmi ni wọ́n ń pè ní Dádì o. Irun funfun ò ṣeé fi pamọ́. Mo sún mọ́ wọn, mo wo fóònù náà.

Ọkọ̀ méjì ló wà lórí ìlà. Ọ̀kan jẹ́ mọ́tò àtijọ́ gbọọrọ kan, irú èyí tí àwọn bàbá wa máa ń gbé lọ sóde ìyàwó. Èkejì rí pẹlẹbẹ, táyà ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti katakátá. Iná tàn fún mọ́tò àtijọ́, ó gbéra. Èkejì ò kúrò lójú kan. Ó ń pariwo, gbogbo ara ẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n wọn ò tíì tanná fún un. Ìgbà tí mọ́tò àtijọ́ ti lọ jìnnà ni wọ́n tó tanná fún òun náà, ló bá fò jáde bí ọta ìbọn. Ó lé e, ó lé e, ó lé e bá. Nígbà tí wọ́n máa fi dé ìparí, pẹlẹbẹ yìí ló fi imú ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ẹ wá wò ó o, ọ̀dọ̀ mọ́tò àtijọ́ ni iná ìborí ti tàn!

"Ẹ rí i báyìí, Dádì?" lọmọ yẹn wí. "Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí arúgbó lọ, a ní kò burú. Wọ́n lé e bá, wọ́n tún yà á sílẹ̀, wọ́n tún wá ní arúgbó ló borí. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo fìdí lélẹ̀ lórí táyà tó wà níbẹ̀, mo sì ṣàlàyé fún wọn, bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin náà báyìí.

Drag racing ni wọ́n ń pe eré náà, Amẹ́ríkà ló sì ti gbilẹ̀ jù. Ọkọ̀ méjì-méjì ló ń sá a lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, kò sí pé à ń yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì ni gígùn ọ̀nà náà látilẹ̀wá, ìyẹn bíi mítà 402. Lọ́dún 1951, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wally Parks dá ẹgbẹ́ National Hot Rod Association sílẹ̀ ní California, NHRA ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú. Ohun tó fà á ni pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi ojú títì gbangba ṣe pápá eré, wọ́n sì fẹ́ kó wọn kúrò níbẹ̀ lọ síbi tó lófin.

Àwọn ọ̀jẹ̀ tí iléeṣẹ́ ńlá-ńlá ń náwó lé lórí ń sá tiwọn lọ́tọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi owó oṣù ara wọn tún mọ́tò ṣe, tí wọ́n ń wá síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, àwọn ló pọ̀ jù. Ọ̀kan ní mọ́tò tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀, èkejì ti ta ilẹ̀ ra ẹ́ńjìnnì. Tí wọ́n bá ní kí àwọn méjèèjì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, kí lẹ tún fẹ́ wò níbẹ̀? Ẹni tó lówó ló borí, ẹ máa lọ sílé yín.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin hándíkáápù. Kí wọ́n tó sáré, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan á fúnra ẹ̀ kọ iye sẹ́kọ́ǹdì tí ọkọ̀ ẹ̀ máa lò láti ìlà dé ìparí sára gíláàsì mọ́tò ẹ̀. Pólíìṣì bàtà funfun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń kọ ọ́, kí gbogbo ayé lè rí i. Ká ní mọ́tò àtijọ́ kọ 15.00, tí èkejì kọ 11.50. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ sẹ́kọ́ǹdì 3.50. Iye yẹn gẹ́lẹ́ ni wọ́n á fi jẹ́ kí mọ́tò àtijọ́ kọ́kọ́ lọ. Bí àwọn méjèèjì bá gbéra gẹ́lẹ́ bí iná ṣe tàn, tí ọkọ̀ kálukú sì sá iye tó kọ, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n máa jọ dé ìparí.

Ọ̀rọ̀ wá di ti awakọ̀. Ta ni ojú ẹ̀ yá sí iná jù? Ta ló mọ ọkọ̀ ẹ̀ dénú egungun, tó mọ̀ pé oòrùn ọ̀sán yìí máa dín in kù díẹ̀, pé afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ á tún mú un yá? Ẹni tó bá gbéra kí iná tiẹ̀ tó tàn, iná pupa á tàn fún un, ó ti pàdánù nìyẹn.

"Dádì, ìyẹn yé wa," lọmọ yẹn tún wí, "ṣùgbọ́n èyí tó kọ́kọ́ dé ńkọ́? Kí ló dé tí wọn ò fún un?"

Ẹ gbọ́, ibẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ aráyé lọmọ aráyé ń jẹ́. Tí wọ́n bá ní kálukú fẹnu ara ẹ̀ sọ agbára ẹ̀, ta ni kò ní díbọ́n? Ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ lè sá 12 á kọ 14, kí wọ́n lè jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ. Òfin wá sọ pé ẹni tó bá sáré ju iye tó kọ lọ, ó ti jáde nínú ìdíje. Ó kọ 11.50, ó sá 11.47. Kò burú, o ṣeun, máa lọ sílé. Bí àwọn méjèèjì bá sáré ju iye wọn lọ, ẹni tí tiẹ̀ fi díẹ̀ kọjá ló borí. Ohun tí fóònù fi hàn wọ́n nìyẹn. Pẹlẹbẹ kọ́kọ́ dé lóòótọ́, àmọ́ ó ti dé ju bó ṣe ní òun máa dé lọ.

Ọmọ náà mirí. "Dádì, kò tíì yé mi bó ṣe jẹ́ ẹjọ́ òdodo. Ẹni tó yára kí wọ́n fún ẹni tó yára. Ṣé ọ̀bẹ tó mú ni wọ́n máa bá wí?"

Ẹ má bú u o. Àwọn tó ń sá eré náà fúnra wọn ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Àwọn kan ní ìtìjú ni kí awakọ̀ máa tẹ bíréèkì nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé ìparí, kó má baà sáré jù. Òótọ́ sì ni pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó fi agbára pamọ́ ń lo bíréèkì láti bo irọ́ wọn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú òfin yẹn, ẹni tó bá tẹ bíréèkì jù, ẹnìkejì á kọjá lára ẹ̀. Irọ́ ṣì ṣeé pa, àmọ́ ó ti di ọjà tó gbówó lórí.

Ẹ má sì rò pé eré mọ́tò ló bẹ̀rẹ̀ irú ìṣirò yìí. Ọ̀rọ̀ hándíkáápù yìí gan-an, eré kan làwọn Òyìnbó fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ ẹrù láyé àtijọ́, tí wọ́n ń tọwọ́ bọ fìlà, ibẹ̀ ló ti wá. Lẹ́yìn náà ló wá bọ́ sórí eré ẹṣin. Ẹṣin tó bá yára jù ni wọ́n ń di ẹrù lé jù, kí àwọn yòókù lè rí ìdí ẹ̀ bá. Ìdíje ẹṣin Melbourne Cup ní Ọsirélíà, hándíkáápù ni wọ́n fi ń sá a láti ọdún 1861 títí dòní. Àwa náà ní pápá eré ẹṣin tiwa l'Ékòó. Ibẹ̀ la ti gba òmìnira lọ́dún 1960, òun ló wá di Tafawa Balewa Square. Ère ẹṣin ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ títí dòní. Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù náà ń lo hándíkáápù. Òfin tí gbogbo ayé jọ ń lò láti ọdún 2020 gbà kí ọ̀gbẹ̀rì ní tó 54. Ẹ béèrè lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn, á ní ẹni tó kọ ọ́ tì láti jẹ́ kí tiẹ̀ wálẹ̀, tó wá ń kó ẹ̀bùn lọ sílé lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n mọ̀ ọ́n.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni àṣírí tú. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń múra láti fi ọ̀kadà sáré lójú títì lọ́jọ́ kejì Iléyá, wọ́n sì ti dá owó jọ. Ọ̀kan fẹ́ gun Bajaj tuntun, èkejì fẹ́ gun ògbólógbòó kan tí wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo ara ẹ̀ tán. Ìjà tó wà nílẹ̀ ni pé òpó iná mélòó ni kí ògbólógbòó fi ṣíwájú. Ọ̀kan ní mẹ́ta, èkejì ní ẹyọ kan ló máa gbà. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ojú ẹ̀, wọn ò tiẹ̀ kí ara wọn mọ́ láti àárọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá ti yọrí jáde lábẹ́ mọ́tò. "Ojú títì wo? Ọ̀nà tí tírélà ń gbà, tí ìyálọ́jà ń gbà? Ẹni tó bá gun ọ̀kadà sáré nínú yín, kó má padà sí ṣọ́ọ̀bù yìí mọ́." Ó nu ọwọ́ ẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tó yára, kí wọ́n lọ fẹsẹ̀ ara wọn sá a, Ọlọ́run kúkú fún wọn lẹ́sẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ sí ibi tó tẹ́jú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín níbẹ̀ ní òun máa dúró síbi ìparí. Mo wọn ìṣísẹ̀ ọgọ́rùn-ún. Mo ní kí kálukú fẹnu ara ẹ̀ sọ iye sẹ́kọ́ǹdì tó máa fi sá a, kí ọ̀gá sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó. Ọmọ Bajaj ní 14. Ọmọ tó ń pariwo ojóro, òun ló ni ògbólógbòó, ó wò mí, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹsẹ̀ ń dùn mí díẹ̀. Ẹ kọ 18."

Mo mọ ojú tó fi wo ilẹ̀ yẹn. Màá padà wá síbẹ̀.

A jẹ́ kó fi sẹ́kọ́ǹdì mẹ́rin ṣíwájú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ò dùn ún mọ́ o! Ńṣe ló ń fò bí etu. Èkejì gbéra, ó lé e títí, kò bá a. Ọmọ ojóro kọ́kọ́ dé, ó nawọ́ sókè, ó ń yọ̀. Fóònù tí a fi ń wọn àkókò fi hàn pé sẹ́kọ́ǹdì 15 ló sá. Èkejì sá 14 àti díẹ̀, kò sáré ju iye tó sọ lọ.

"Ìwọ lo pàdánù," ni mo wí fún un.

"Há! Ojóro!" ló tún figbe ta. "Ta ló ṣe irú òfin yìí?"

Ìyá oní-mọ́ínmọ́ín ló dá a lóhùn kí n tó lanu. "Ẹnu ẹ ni, ọmọ mi. Ẹnu ẹ ló ṣe é. Ṣe bí ìwọ lo ní 18."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Òun náà rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn, ó sì lọ dì mọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò dé ikùn mi, ohun tó sì fà á ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo wà ní pírámárì fóò, tíṣà wa máa ń jẹ́ kí a sáré àyẹ̀wò kí ọjọ́ ìdíje tó pé. Àwọn tí wọn ò yára, ó máa ń fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ṣíwájú wọn. Mo yára, mo mọ̀ pé mo yára. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, mo díbọ́n pé ẹ̀gún gún mi, mo ń tiro bọ̀ lẹ́yìn. Tíṣà káàánú mi, ó kó mi mọ́ àwọn tí ò yára. Lọ́jọ́ ìdíje, mo fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá yẹn gba ipò kìíní. Abọ́ tánńganran aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fún mi, ìyá mi sì gbé e rìn yí àdúgbò po.

Ọmọ tó ṣe ipò kejì, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ. Lóòótọ́ ni kò yára. Tìtorí irú ẹ̀ ni tíṣà ṣe ní ká máa fún wọn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Bí mo bá dúró síbi tó tọ́ sí mi, òun ni ìbá gba abọ́ yẹn, bóyá òun nìkan ṣoṣo ni ìbá sì gbà láyé ẹ̀ lórí eré sísá. Kì í ṣe tíṣà ni mo yàn jẹ. Ọmọ yẹn ni mo yàn jẹ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni títí dòní tí mò ń kọ ọ́ yìí.

Ohun tí mo rí dì mú nìyẹn. Àwọn èèyàn ń sọ pé hándíkáápù ò dáa, pé ọ̀lẹ ló ń fún lágbára. Rárá o. Ìka ò dọ́gba, Ọlọ́run tó dá a bẹ́ẹ̀ ò ṣìṣe. Kí a fi ẹni tí ò lágbára ṣíwájú díẹ̀, ẹ̀tọ́ ni. Ibi tí ìyànjẹ gbà wọlé ni pé ta ló wọ̀n ọ́n, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fi òṣùwọ̀n èké jáde? Tíṣà mi fi àánú wọ̀n wá, kò sì ṣòfin kankan fún ẹni tó bá sáré ju bó ṣe díbọ́n lọ. Ká ní ó ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ níwájú gbogbo kíláàsì, kó sì kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù, mi ò ní gba abọ́ yẹn.

Kẹ́ ẹ sì má ṣe sọ pé kí àwọn aláṣẹ máa wọ̀n ọ́n fún wa. Ní NHRA kan náà, kíláàsì kan wà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ ló ń sọ iye agbára tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní. Bí ẹnì kan bá lọ fi irú ẹ́ńjìnnì yẹn sáré àsápajúdé, wọ́n lè fi kún iye agbára tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, gbogbo ẹni tó ní irú ẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà á sì jọ jẹ ìyà ẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ohun tí ìyẹn sì bí ni pé àwọn èèyàn ń fi agbára pamọ́, wọ́n sì ń bínú sí ẹni tó bá fi tiẹ̀ hàn. Òfin tó bá ń fìyà ẹnì kan jẹ ẹlòmíì, irọ́ ló ń kọ́ àwọn èèyàn.

Bọ́ọ̀lù tiwa náà jẹ́rìí sí i. Ìdíje ọmọdé, hándíkáápù ni, wọ́n fi ààlà sí ọjọ́ orí kí àgbà má baà yan ọmọdé jẹ. Kí làwa ṣe sí i? A ní ọjọ́ orí ilé, a tún ní ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù. Lọ́dún 1989, FIFA lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí tí ò dọ́gba. Nígbà tó di 2009, tí ìdíje àwọn tí ò tíì pé ọdún 17 wáyé níbí gan-an, egungun ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò. Ẹnu wa ò ṣeé gbà gbọ́ mọ́, ni wọ́n bá ń béèrè lọ́wọ́ egungun.

Ẹ tún wo ẹgbẹ́ onílùú tí à ń ṣe lópin oṣù. Wọ́n ní kí kálukú san owó ìdàgbàsókè ìlú bí agbára ẹ̀ bá ṣe mọ. Olówó á dìde, á fa filà bojú, á ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan ò rọgbọ." Wọ́n á kọ owó kékeré fún un, tíṣà tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á san ju tiẹ̀ lọ. Kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ ó rí i tó gbé jíìpù tuntun wọlé. Ó ti sáré ju iye tó kọ lọ! Àmọ́ ta ló máa ní kó jáde? Àga iwájú ni wọ́n máa gbé fún un.

Èmi ní kí a máa kọ ọ́ sára gíláàsì. Kí kálukú fẹnu ara ẹ̀ sọ agbára ẹ̀ ní gbangba kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ mú un, kí ìyà ẹ̀ má sì kan ẹlòmíì. Ẹni tí ò bá lágbára lóòótọ́, òfin yẹn ò lè pa á lára. Àwa tí à ń tiro lọ́jọ́ àyẹ̀wò nìkan ló máa mú.

Ọ̀gá tún Micra mi ṣe, fáànù bẹ́líìtì ló já. Nígbà tí mò ń lọ, ọmọ ojóro sáré wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Dádì, tẹ́ ẹ bá tún padà wá, 15 ni kẹ́ ẹ kọ fún mi o."

Mo ní kò burú. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi ti fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ṣíwájú, ó sì ti lo ju àádọ́ta ọdún lọ lójú ọ̀nà. Lálúpọn ló ti bá mi.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.